Ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀: ìrírí mi lórí iṣẹ́ méjì-méjì àti iṣẹ́ ọ̀wọ́ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama ìjọba kan nílùú Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ilé-ìwé ìjọba wa á ti mọ bí kíláàsì mi ṣe rí kí n tó ṣàpèjúwe rẹ̀: ọmọ mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún méjì, báàgì ìwé lórí itan, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo níwájú, ìṣẹ́jú 40 fún iṣẹ́ kan. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé kí ọmọ má ju 40 lọ ní kíláàsì girama. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ 70 bá wà ní kíláàsì, tí tíṣà gbẹ́nu dákẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí àwọn ọmọ sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú kan kò ní kan ẹnikẹ́ni. Tíṣà kì í sì í dákẹ́. Òun ló ń ṣàlàyé, òun ló ń béèrè, òun náà ló tún ń dáhùn nígbà tí kò bá sẹ́ni tó nawọ́. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù fáwọn ọmọ ni kí gbogbo wọn jọ pariwo “Yes, ma.” Báyìí ni ọmọ á ṣe lo ọdún mẹ́fà ní girama, tí á máa gba iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì ní lè dá gbólóhùn mẹ́ta sọ láìjẹ́ pé ó ti há a sórí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n kọjú síra wọn ní méjì-méjì, ẹnu márùndínlógójì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀ tó lè fún ọmọ tó jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn láàyè láti la ẹnu rẹ̀.

Gbogbo wa la kọ́ nípa iṣẹ́ méjì-méjì àti iṣẹ́ ọ̀wọ́ nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ì báà jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni tàbí ní yunifásítì. Nígbà tí a bá wá dé ẹnu iṣẹ́, ohun tó sábà máa ń di ni pé: “Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹ jíròrò lórí àǹfààní ẹ̀kọ́.” Mo ti rí i ní kíláàsì tó pọ̀, ibi kan náà ló sì máa ń já sí. Nínú ọ̀wọ́ ọlọ́mọ mẹ́fà, ọmọ kan tó ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni wá á gba bírò, á kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan á máa wo ìwé rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Chelsea àti Arsenal. Tíṣà á wá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ṣeé fi iṣẹ́ ọ̀wọ́ lé lọ́wọ́, á sì padà sídìí bọ́ọ̀dù.

Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló fà á. Àwọn mẹ́rin yẹn kò rí ìdí tó fi yẹ kí àwọn sọ̀rọ̀ ni. Àǹfààní ẹ̀kọ́ tí a ní kí wọ́n sọ, ohun tí ẹnì kìíní mọ̀ nípa rẹ̀ náà ni ẹnì kejì mọ̀. Ta ni kí wọ́n wá sọ ọ́ fún? Ẹ̀dá èèyàn kì í sọ ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àyàfi bí ọlọ́pàá bá bi í. Ohun tó wá yé mi, tí mo sì gbé gbogbo iṣẹ́ mi kà báyìí, ni pé ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ bí nǹkan kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnì kejì rẹ̀ kò ní, tí nǹkan kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì tí òun náà ń fẹ́. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, bí a tilẹ̀ tò wọ́n ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ kí wọ́n kọjú síra wọn, àyè ìjókòó lásán la yí padà.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é láìná owó fọ́tòkọ́pì, nítorí mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi máa bi mí nìyẹn. Mo ya àwòrán ọjà Bódìjà méjì sórí káàdìbọ́ọ̀dù ńlá méjì. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri iwájú, mo lẹ èkejì mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan kọjú síwájú, èkejì rẹ̀ yíjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kanra. Àwòrán méjèèjì jọra, àfi níbi méje. Nínú ti iwájú, gèlè pupa ni obìnrin tó ń ta ata wé; nínú ti ẹ̀yìn, gèlè rẹ̀ jẹ́ búlúù. Bárò tí ọkùnrin kan ń tì gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ọmọdékùnrin kan mú agbòjò dání níbí, ìwé ló mú lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wá ibi méje yẹn rí, kí ẹnikẹ́ni má sì yíjú wo ògiri ẹnì kejì rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kẹta ni adájọ́: òun nìkan ló lè wo ògiri méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí àwọn méjì yòókù á fi parí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á pààrọ̀ ipò nígbà tí mo bá gbé àwòrán mìíràn wá. Káàdìbọ́ọ̀dù méjì ti tó gbogbo kíláàsì, mo sì lè ká wọn pa mọ́ fún JSS 1 lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọbìnrin kan ní JSS 2, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni mo dúró tì lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín òun àti ẹnì kejì rẹ̀:

“In my picture, a woman is selling pepper. He tied a red scarf.”

“He? So it is a man?”

“No o, a woman.”

“But you said he.”

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. “She. She tied a red scarf. What of your own?”

“Her own is blue.”

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá, nítorí “ó” kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin nínú èdè wa. Ó sì mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó kúrò lẹ́nu ọmọ. A máa kọ he àti she sí bọ́ọ̀dù, a máa ní kí wọ́n fi dí àlàfo, wọ́n á gbà á, wọ́n á gba máàkì, nígbà tí ẹnu wọn bá sì yá, á tún di “my mother, he.” Lọ́jọ́ yẹn, n kò dá sí i rárá. Ẹnì kejì rẹ̀ ló ṣì í gbọ́, ìṣìgbọ́ yẹn sì fẹ́ ba iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe jẹ́, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì tún un ṣe. Àtúnṣe tó wá nítorí pé ẹnì kejì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni yé máa ń wọ ọmọ lára ju ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àmì pupa tí mo lè fi sí ìwé rẹ̀ lọ.

Bákan náà ni mo ṣe ń fi méjì-méjì kọ́ wọn ní Oral, ìyẹn bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mọ̀ pé ní Ìbàdàn wa níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í pe “ṣ” nílé. “S” ni wọ́n fi ń pe ohun gbogbo. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ sọ ship, sip lá á jáde. Èyí tó tún ṣòro fún gbogbo ọmọ Yorùbá, láti Ìlọrin títí dé Ìjẹ̀bú, ni th tó máa ń di t, v tó máa ń di f, àti ship àti sheep tó máa ń di ọ̀rọ̀ kan náà. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí bọ́ọ̀dù: ship, sip, sheep, seep, van, fan, thin, tin. Kálukú á dà wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹnì kìíní á yan márùn-ún níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, á kọ nọ́ńbà sí wọn bó ṣe fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ léra, á wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kejì á kọ nọ́ńbà sí èyí tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìwé méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n fi wéra.

Ẹ̀yin ẹ wá wo ìjà! “I said ship!” “You said sip, say it again!” Wọ́n á tún un pè, wọ́n á máa wo ẹnu ara wọn, ẹlòmíràn á fi ìka kan ètè rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá eyín rẹ̀ kàn án fún v. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Oral tí WAEC ń ṣe fún wọn ní ìwé kẹta ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tí èèyàn á yan ìdáhùn sí ni. Ọmọ lè ṣe é tán láìlanu. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń kọ́ Oral bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ àmì ìṣirò, tí àwọn ọmọ sì ń há a bí ẹni ń há táíìmù tébù. Èrò tèmi ni pé ọmọ tí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ìyàtọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ti pè é, kò ní nǹkan kan láti há.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀wọ́, ọgbọ́n tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ kò ti kíláàsì èdè wá rárá. Lọ́dún 1971, ní ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, aláwọ̀ funfun àtàwọn tí ìdílé wọn wá láti Mẹ́síkò pọ̀ sí ilé-ìwé kan náà, ìjà sì pọ̀ láàárín wọn. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Elliot Aronson rí i pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní kíláàsì ń sọ wọ́n di abánidíje: gbogbo ọmọ ló ń nawọ́ kí tíṣà lè pe òun. Ó wá pín ẹ̀kọ́ kan sí wẹ́wẹ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ní ìpín kan, tí kò fi sí ẹni tó lè mọ ẹ̀kọ́ náà tán láìgbọ́rọ̀ lẹ́nu gbogbo àwọn yòókù. Jigsaw ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìjà ẹ̀yà ní kíláàsì tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ ọ́n sọ àti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n sọ wà níbẹ̀, ìtìjú tó wà láàárín wọn sì pọ̀.

Mo kọ àyọkà kan nípa Cocoa House, mo pín in sí mẹ́rin. Ìpín kìíní sọ nípa owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìkejì sọ pé wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1965, pé àjà 26 ló ní, àti bó ṣe hàn jákèjádò Dùgbẹ̀. Ìkẹta sọ̀rọ̀ iná tó jó o lọ́dún 1985. Ìkẹrin sọ bí wọ́n ṣe tún un ṣe tí wọ́n sì tún un ṣí lọ́dún 1992. Àwọn tó gba ìpín kan náà kọ́kọ́ jókòó pọ̀, wọ́n kà á, wọ́n bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn, wọ́n sì fi ẹnu dánra wò bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kálukú padà sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin rẹ̀, mo sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ibí yìí: bí ìwé bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kàn nà án síra wọn ni, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́nu ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ìbéèrè tí mo fún wọn, kò sí èyí tí ẹnì kan lè dá dáhùn. Ọdún mélòó ni ilé náà ti lò kó tó jó? Ìpín kejì àti ìkẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ pa pọ̀ kí wọ́n tó rí 20. Ọdún mélòó ni wọ́n fi tì í pa? Ìkẹta àti ìkẹrin, ọdún méje. Owó ta ni ó jó? Lórí èyí, wọ́n jiyàn débi pé mo ní láti fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún àkókò wọn, nítorí àwọn kan ní owó ìjọba ni, àwọn kan ní owó àgbẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan tí n kì í gbóhùn rẹ̀, tó tún kíláàsì ṣe, tó sì dàgbà ju àwọn yòókù lọ, ni ìpín kìíní bọ́ sí lọ́wọ́. Ó sọ fún àwọn ọ̀wọ́ rẹ̀ pé bàbá bàbá òun ní oko kòkó lọ́nà Ìdí Ayunrẹ́. “My grandfather money is inside that house,” ló wí. Gírámà rẹ̀ kò pé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ọwọ́ mi láti tún un ṣe tó bá yá, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló ń gba abẹ́ ilé yẹn kọjá, wọn kò mọ̀ pé ó jó rí.

Ìwé kékeré tí mo sọ yẹn, kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tíṣà tó bá ń fi iṣẹ́ ọ̀wọ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rìn káàkiri, mo máa ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀, mo máa ń kọ àṣìṣe tí mo bá gbọ́ sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. N kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, màá kọ márùn-ún nínú rẹ̀ sí bọ́ọ̀dù, màá ní kí wọ́n jọ tún un ṣe ní méjì-méjì. “They are calling you,” nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń peni. “I am coming,” lẹ́nu ẹni tó ń jáde lọ. Kò sẹ́ni tójú á tì, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ ọ́, àyàfi ẹni tó sọ ọ́ gan-an.

Nípa iye èèyàn inú ọ̀wọ́, mẹ́rin ni òpin fún mi. Bó bá ti di márùn-ún, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Èmi ni mo sì ń pín wọn, n kì í ní kí ọ̀rẹ́ mú ọ̀rẹ́. N kì í sì í fi ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ti ẹni tó kù káàtó jù. Ọ̀pọ̀ tíṣà rò pé ìyẹn ló dáa, pé olóye á ran aláìlóye lọ́wọ́. Ohun tí mo rí ni pé olóye á bá a ṣe é ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù àti ẹni tó wà láàárín, ẹni tó wà láàárín àti ẹni tó kù káàtó, ìyẹn ló máa ń bọ́ sí i. A kì í sì í gbé tábìlì àti bẹ́ǹṣì kiri. Ìlà kìíní á kàn yíjú sí ìlà kejì, ìlà kẹta sí ìkẹrin, ọ̀rọ̀ parí.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ ti ilé wa, tí àwọn ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun kì í sọ. A ti tọ́ àwọn ọmọ wa pé kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọmọ ọdún 17 bá wà nínú ọ̀wọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 13, wọn ò ní já a lẹ́nu, bí ohun tó sọ kò tilẹ̀ tọ̀nà. Ìwà rere ni, n kò sì fẹ́ ba ìwà yẹn jẹ́. Ìdérí ìgò ni mo fi yanjú rẹ̀. Màmá tó ń ta mínírà lẹ́nu géètì bá mi kó wọn jọ sínú ọ̀rá, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba mẹ́ta. Bí o bá sọ̀rọ̀, o ó ju ọ̀kan sáàárín. Bí tìẹ bá tán, wàá dákẹ́ títí tàwọn yòókù á fi tán. Mo wá fi òfin kan kún un: bí ìbéèrè lo bi ẹlòmíràn, o ò ní san nǹkan kan. Láti ìgbà yẹn ni àwọn elétè rírọ̀, tí ìdérí wọn máa ń tètè tán, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ẹni tó dákẹ́ léèrè ọ̀rọ̀: “What do you think? Why did you say so?” Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni mo ti ń fẹ́ kí wọ́n kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí mo rò pé mo ti ń dá àwọn kan lẹ́kun ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní òfin tó de vernacular. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á bu owó lé e tàbí kí wọ́n nà án. Bí ọmọ bá wà nínú ọ̀wọ́ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, ohun méjì ló máa ń ṣe: yálà kó dákẹ́, tàbí kó máa sọ Yorùbá wúyẹ́wúyẹ́ kó sì sinmi bí tíṣà bá sún mọ́ ọn. Èmi kò fara mọ́ òfin náà, n kò sì fi ṣe àṣírí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ohun gbogbo lọ. Bí èyí bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí ni ìṣẹ́jú mẹ́ta Yorùbá fẹ́ bà jẹ́ nínú iṣẹ́ ọ̀wọ́ mi?

Nítorí náà, àdéhùn tó wà láàárín èmi àtàwọn ọmọ mi ni pé bí wọ́n bá ń wá èrò, tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ta kókó fún ara wọn, Yorùbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ohun tí wọ́n máa gbé jáde, ì báà jẹ́ ìdáhùn ni, ìròyìn ni, tàbí ìyàtọ̀ tí wọ́n rí nínú àwòrán, Gẹ̀ẹ́sì ni. Níbi iṣẹ́ bíi ti àwòrán ọjà yẹn, n kì í tilẹ̀ ní láti rán wọn létí, nítorí pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ wọn ń kọ sílẹ̀.

Ariwo ńkọ́? Ó wà, kò sì ní ṣàì wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n béèrè ìdí tí tíṣà fi wà ní kíláàsì tí ariwo sì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo kí wọn, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ wọlé, ẹ bi ọmọ tó bá wù yín léèrè ohun tó ń ṣe.” Wọ́n bi ọmọ kan nílà ẹ̀yìn. Ọmọ náà dìde, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn, ó ní àwọn ti rí ìyàtọ̀ márùn-ún, ó ku méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ká rọra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá tíṣà Ìṣirò tó wà nítòsí wa sọ ọ́ ṣáájú, kí ọjọ́ tiwa má bàa bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì. Fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, n kì í pariwo lé ariwo. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó bá gbọ́ á pa tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, á sì tàn kálẹ̀ títí gbogbo kíláàsì á fi pa rọ́rọ́.

Máàkì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀wọ́ bí èèyàn kò bá kíyè sí i. Bí mo bá fún ọ̀wọ́ ní máàkì kan náà, inú ẹni tó ṣiṣẹ́ kò ní dùn. Bí mo bá sì fún kálukú ní tirẹ̀, wọn kò ní bìkítà fún ara wọn. Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí ni kí kálukú nínú ọ̀wọ́ gba nọ́ńbà, láti 1 dé 4. Nígbà tí àkókò bá tó, màá kọ nọ́ńbà kan sí bọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ní nọ́ńbà náà ló máa sọ̀rọ̀ fún ọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa kàn. Ẹ ó wá rí i bí wọ́n ṣe ń da ìbéèrè bo ẹni tó kù káàtó jù nínú wọn títí á fi mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni mo ń fi ṣe iṣẹ́ ọ̀wọ́ o. Bí òfin gírámà kan bá jẹ́ tuntun, mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fúnra mi kíákíá lórí bọ́ọ̀dù. Àròkọ náà, ìkálukú ló ń kọ tirẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá jókòó níwájú WAEC tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ 450, kò ní sí ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ètò àròkọ nìkan ni wọ́n ń fi ẹnu jọ ṣe. Ní ti summary, ìyẹn kíkọ kókó àyọkà ní ṣókí, tó máa ń ṣubú lu ọ̀pọ̀ ọmọ SS 3, méjì-méjì wúlò níbẹ̀ gan-an. Kálukú á kọ́kọ́ dá kọ ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á mú gbólóhùn méjì yẹn, wọ́n á sọ wọ́n di ọ̀kan tó kúrú ju méjèèjì lọ. Fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ yọ, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbà tàbí kó sọ ìdí tó fi yẹ kó dúró. Mo ti rí àwọn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí bóyá kí àwọn yọ “as a result of the fact that” kí àwọn fi “because” sí i. N kò yára dá sí i.

Èmi àti tíṣà tó ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé wa ti wá ń sọ ọ́ báyìí pé ní táàmù tó ń bọ̀, a ó jọ lo àyọkà kan náà fún SS 1. Àwọn ni wọ́n máa pín ìdajì rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Ajé, èmi máa pín ìdajì yòókù ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́rú, àwọn ìbéèrè náà á sì wà ní èdè méjèèjì. Ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ gbọ̀ngàn Mápó la ti mú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí wẹ́wẹ́. Ibi tó ṣòro ni kí n rí i dájú pé ìpín kẹta kò sọ ohun tí ìpín kejì ti sọ, nítorí bó bá sọ ọ́, ẹni tó gba ìkejì kò ní ní nǹkan kan láti sọ fún ẹnikẹ́ni.